Dídín iná bátìrì ọkọ̀ òfuurufú àfiṣeré kù nínú ilé

Dídín iná bátìrì ọkọ̀ òfuurufú àfiṣeré kù jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fa iná jáde díẹ̀díẹ̀ nínú bátìrì tó ṣeé gba iná sí, irú èyí tó ń gbé bàálù kékeré, hẹlikọ́pítà àfiṣeré àti drone fò. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ orúkọ kan náà yìí. Èkíní ni dídín iná bátìrì tó ṣì dára kù dé nǹkan bí ìlàjì, kí wọ́n lè fi í pamọ́ láìséwu. Èkejì ni mímú kí iná tán pátápátá nínú bátìrì tó ti gbó, kí wọ́n tó kó o fún àwọn tó ń ṣe àtúnlò. Ohun tó dára fún ọ̀kan ló ń ba èkejì jẹ́: bátìrì tí wọ́n fẹ́ tún lò kò gbọdọ̀ gbẹ, bátìrì tí wọ́n fẹ́ sọ nù kò sì gbọdọ̀ ní iná nínú. Ibi tí ewu ti máa ń wọlé ni pípa iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, tàbí àìṣe ìkankan nínú wọn.

Ìtàn ní ṣókí

Ní ọdún 1800 ni Alessandro Volta, ará Ítálì, fi bátìrì rẹ̀ han ayé, ṣùgbọ́n bátìrì náà kò ṣeé gba iná sí lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọdún 1899, Waldemar Jungner, ará Swídìn, ṣe bátìrì níkẹ́lì-kádmíọ̀mù, èyí tó ṣeé gba iná sí léraléra. Irú bátìrì yìí ni àwọn tó ń fi bàálù kékeré ṣeré lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fred Militky, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ti ṣiṣẹ́ lórí mọ́tò iná fún bàálù àfiṣeré, wà lára àwọn tó ṣe MB-E1, bàálù tó fi iná bátìrì níkẹ́lì-kádmíọ̀mù gbé ènìyàn fò ní Ọ́stríà ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1973.

Ní ọdún 1991, ilé-iṣẹ́ Sony ti orílẹ̀-èdè Japan gbé bátìrì lítíọ̀mù-íọ̀nù jáde fún títà. John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní ọdún 2019 fún iṣẹ́ wọn lórí irú bátìrì yìí. Lítíọ̀mù-pólímà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní LiPo, jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀ kan tí wọn kò fi sínú agolo irin bí kò ṣe inú àpò pẹlẹbẹ. Nítorí náà ó fúyẹ́, ó sì lè tú iná púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ọkọ̀ òfuurufú nílò láti gbéra. Ṣùgbọ́n àpò náà kò lágbára tó agolo: ohun ẹnu ṣóńṣó lè dá a lu, ìṣubú láti òkè sì lè fún un pa.

Ní Áfíríkà, àwọn ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní awakọ̀ nínú ti di ohun iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ Zipline, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn ní Rwanda ní ọdún 2016, dé Ghana ní ọdún 2019, ó sì dé Ìpínlẹ̀ Kàdúná ní Nàìjíríà ní ọdún 2022. Ní àwọn ìlú bí Ìwó, Òṣogbo àti Ìbàdàn, àwọn ayàwòrán ló sábà máa ń ní drone: wọ́n ń fi í ya àwòrán ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà àti ọdún ìbílẹ̀ láti òkè. Ilé ni púpọ̀ nínú wọn ń kó bátìrì wọn sí, nínú yàrá tí wọ́n ń sùn tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ibi tí wọ́n kọ́ fún ìpamọ́ bátìrì.

Irú bátìrì àti iye fóltì wọn

Bátìrì ọkọ̀ òfuurufú àfiṣeré jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n so tẹ̀léra. Nọ́ńbà tó ṣáájú lẹ́tà S lára bátìrì ń sọ iye sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀: 2S ní méjì, 3S ní mẹ́ta, 4S ní mẹ́rin. Nọ́ńbà tó ṣáájú mAh ń sọ bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó. Bátìrì 3S tó jẹ́ 2200 mAh máa ń ní nǹkan bí 24 Wh nínú nígbà tó bá kún.

Fún sẹ́ẹ̀lì LiPo kan, àwọn iye tó ṣe pàtàkì nìyí:

- nígbà tó bá kún: 4.2 V
- iye tí wọ́n fi ń pè é lọ́jà: 3.7 V
- fún ìpamọ́: 3.8 sí 3.85 V
- ibi tí kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ jù: 3.0 V

Nítorí náà, bátìrì 2S máa ń kún ní 8.4 V, wọ́n sì ń pa á mọ́ ní nǹkan bí 7.6 V. Ti 3S jẹ́ 12.6 V àti 11.4 V, ti 4S jẹ́ 16.8 V àti 15.2 V. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ LiHV sí lára, tí sẹ́ẹ̀lì wọn máa ń kún ní 4.35 V. Sẹ́ẹ̀lì lítíọ̀mù tó ní irin àti fọ́sífétì nínú, tí wọ́n ń pè ní LiFe, máa ń kún ní nǹkan bí 3.6 V, ìpamọ́ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 3.3 V. Sẹ́ẹ̀lì níkẹ́lì jẹ́ 1.2 V; nígbà tí iná rẹ̀ bá wálẹ̀ dé nǹkan bí 1.0 V ni wọ́n ń dá a dúró.

Ìdí tí wọ́n fi ń dín iná kù

Nígbà tí bátìrì LiPo bá kún, àwọn kẹ́míkà inú rẹ̀ kò ní ìsinmi. Oje tó wà láàárín àwọn ìpele inú rẹ̀ ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń di gáàsì, àpò rẹ̀ sì ń wú. Ooru ń mú kí èyí yára. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, yàrá tó ní òrùlé páànù tí kò sí sílìn lábẹ́ rẹ̀, tàbí ọkọ̀ tí wọ́n gbé sójú oòrùn, lè ba bátìrì tó kún jẹ́ láàárín àkókò kúkúrú. Iná tó wà nínú bátìrì náà ni agbára tí ìjàǹbá yóò fi ṣọṣẹ́ bí àpò bá lu tàbí bí wáyà méjèèjì bá kan ara wọn: bátìrì tó wà ní ìlàjì kì í jó tó èyí tó kún.

Ìdí yìí kan náà ló wà lẹ́yìn òfin ọkọ̀ òfuurufú ńlá. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, bàálù akẹ́rù UPS nọ́ńbà 6 já lulẹ̀ nítòsí Dubai lẹ́yìn tí iná sọ láàárín ẹrù rẹ̀, nínú èyí tí bátìrì lítíọ̀mù pọ̀ sí. Àwọn awakọ̀ méjèèjì kú. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2016, òfin àgbáyé kò gbà kí wọ́n fi bàálù kó bátìrì lítíọ̀mù-íọ̀nù tó dá wà gẹ́gẹ́ bí ẹrù bí iná inú rẹ̀ bá ju ìdá 30 nínú 100 lọ, àyàfi pẹ̀lú àṣẹ pàtàkì.

Gbígbẹ jù náà ní ewu tirẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì LiPo bá wálẹ̀ kọjá 2 V fún ìgbà pípẹ́, bàbà tó wà nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sínú oje. Nígbà tí wọ́n bá tún fi bátìrì náà sí iná, bàbà yìí lè dì padà bí abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, kó sì so apá méjì tí kò yẹ kó kan ara wọn pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, bátìrì tí wọ́n bá ní 1.5 V lórí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í ṣe èyí tó yẹ kí wọ́n jí padà. Ìsọnù ló tọ́ sí i.

Ní Nàìjíríà, àṣà méjì ló ń ta ko ìlànà yìí. Àkọ́kọ́ ni ti iná mànàmáná tí kì í dúró: bí iná bá dé, gbogbo ohun tó bá lè gba iná ni wọ́n ń fi sí iná kí ó tó tún lọ. Ó dára fún fóònù àti fún iná àtùpà, ṣùgbọ́n ó ń fi bátìrì LiPo sílẹ̀ ní kíkún fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láàárín òde àríyá kan sí èkejì. Èkejì ni ìmọ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé ti ní nípa bátìrì òjé, irú ti ọkọ̀ àti ti ínfátà. Kíkún ni wọ́n ń pa bátìrì òjé mọ́, nítorí pé gbígbẹ ló ń pa á. Ẹni tó bá fi òfin bátìrì ínfátà tọ́jú bátìrì drone ń ṣe òdì kejì ohun tó yẹ.

Dídín iná kù fún ìpamọ́

Bí bátìrì tó kún kò bá ní ṣiṣẹ́ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ó yẹ kí wọ́n mú un wálẹ̀ sí 3.8 V lórí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀.

Ọ̀nà kìíní ni fífò. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe láti jẹ iná náà, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i sì ń tù ú. Ayàwòrán tó bá ti òde dé pẹ̀lú bátìrì tí kò lò lè jẹ́ kí drone rẹ̀ dúró lójú kan lókè gbangba fún ìṣẹ́jú mélòó kan, títí ìwọ̀n iná yóò fi dé nǹkan bí ìdá 50 nínú 100. Wọn kò gbọdọ̀ di ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nínú yàrá pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kí ó máa yí láti jẹ iná. Abẹ̀bẹ̀ náà lè gé ìka.

Ọ̀nà kejì ni ṣájà tó ní ìpò ìpamọ́, tí wọ́n máa ń kọ Storage sí. Ṣájà yìí ń wo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dá ara rẹ̀ dúró nígbà tó bá dé ibi tó yẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í yára. Bátìrì 3S ti 2200 mAh nílò láti pàdánù nǹkan bí 1100 mAh, èyí tó jẹ́ bíi 13 Wh. Ṣájà tó lè jẹ 5 W nìkan yóò lò tó wákàtí méjì àbọ̀. Bí iná mànàmáná bá lọ láàárín rẹ̀, iṣẹ́ náà lè dúró láìparí. Ẹni tó bá padà dé gbọ́dọ̀ fi mítà wò ó, kí ó má kàn gbà pé ó ti parí. Àwọn bátìrì drone ìgbàlódé kan ní ẹ̀rọ nínú tó ń dín iná wọn kù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ìwé ìlànà wọn ló ń sọ iye ọjọ́ náà.

Ọ̀nà kẹta ni gílóòbù ọkọ̀. Gílóòbù 12 V tó jẹ́ 21 W, irú èyí tí àwọn rẹwáyà ń fi sí iná ẹ̀yìn ọkọ̀, bá bátìrì 3S mu. Ó ń fa nǹkan bí ámpíà kan àti ààbọ̀ sí méjì, nítorí náà yóò mú bátìrì 2200 mAh wá sí ìlàjì ní nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Fún 4S, gílóòbù méjì tí wọ́n so tẹ̀léra ló yẹ. Ìlànà rẹ̀ nìyí:

1. Kí wọ́n gbé bátìrì sórí búlọ́ọ̀kù tàbí táìlì, níta tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí gílóòbù sì wà lórí táìlì mìíràn. Gílóòbù máa ń gbóná débi tó fi lè jó aṣọ àti ike.
2. Kí wọ́n fi mítà wo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan láti ojú ìsopọ̀ kékeré tó ní wáyà púpọ̀. Àpapọ̀ nìkan kò tó: bátìrì 3S tó jẹ́ 11.4 V lè ní sẹ́ẹ̀lì méjì ní 3.9 V àti ọ̀kan ní 3.6 V.
3. Kí wọ́n so ẹ̀rọ kékeré tó ń ké nígbà tí fóltì bá wálẹ̀ mọ́ ojú ìsopọ̀ náà, kí wọ́n sì ṣètò rẹ̀ sí 3.8 V.
4. Kí wọ́n so gílóòbù mọ́ bátìrì, kí wọ́n sì wo fóltì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá.
5. Kí wọ́n yọ gílóòbù nígbà tí sẹ́ẹ̀lì tó kéré jù bá dé nǹkan bí 3.8 V. Fóltì máa ń gòkè díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́.

Gílóòbù kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, yóò jẹ iná bátìrì náà gbẹ, yóò sì pa á. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀nà fún ẹni tó fẹ́ sùn tàbí tó fẹ́ jáde. Àwọn kan ń fi bátìrì 3S tan iná LED 12 V tàbí kí wọ́n fi ṣájà inú ọkọ̀ gba iná sí fóònù nígbà tí iná mànàmáná kò bá sí. Èyí kò burú bí ẹ̀rọ tó ń ké bá wà lójú bátìrì ní gbogbo àkókò náà.

Lẹ́yìn èyí, ibi tó tutù tí ó sì gbẹ ni kí bátìrì wà, nínú àpótí irin tí ìdérí rẹ̀ kò dì pinpin, kí gáàsì lè ríbi jáde. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ kẹ́ẹ̀gì bẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀, kẹrosíìnì tàbí sílíńdà gáàsì. Ó yẹ kí wọ́n tún fi mítà wò ó ní oṣù kan tàbí méjì sí ara wọn.

Mímú kí iná tán fún ìsọnù

Bátìrì tí kò gbé ọkọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kan ń wálẹ̀ kíákíá ju ìyókù lọ, tàbí tí ó ti wálẹ̀ jù rí, ti parí iṣẹ́. Bí ara rẹ̀ bá pé, tí kò gbóná, tí kò sì jò, wọ́n lè mú kí iná rẹ̀ tán. Gílóòbù kékeré, bíi 12 V tó jẹ́ 5 W, ló dára jù fún 3S, nítorí pé ìṣàn iná tó rọra kì í mú bátìrì gbóná. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, lórí yanrìn tàbí ilẹ̀ lásán, níbi tí òjò kò lè pa á, jìnnà sí ilé àti ewéko gbígbẹ. Bátìrì 2200 mAh tó kún lè gba wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà. Nígbà tí gílóòbù bá ti kú, wọ́n á fi í sílẹ̀ lórí bátìrì di ọjọ́ kejì, nítorí pé fóltì máa ń gòkè padà bí wọ́n bá tètè yọ ọ́. Nígbà tí mítà bá fi òdo tàbí iye tó sún mọ́ ọn hàn, wọ́n á fi téèpù dí ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan. Wọn kò gbọdọ̀ fi ohun ìgé gé wáyà méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé irin ohun ìgé náà yóò so wọ́n pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kí wọ́n rẹ bátìrì sínú omi iyọ̀ ti tó. Kò ṣeé gbára lé. Omi iyọ̀ lè jẹ ẹnu wáyà run kí iná tó tán, kí bátìrì sì dà bíi pé ó ti kú nígbà tí iná ṣì wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ó tún lè mú gáàsì háídrójìn àti klórínì jáde. Èyí àkọ́kọ́ ń gbiná, èkejì sì ń ṣe àyà ní jàǹbá.

Bátìrì tó wú tàbí tó fara pa

Bátìrì tó bá ti wú kò gbọdọ̀ tún gba iná. Èyí tó lu, tó ń jò, tó ń rùn bí ohun ìpara èékánná, tàbí tó ń gbóná láìṣiṣẹ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń so gílóòbù mọ́. Wọ́n á gbé e sínú korobá irin tó ní yanrìn, wọ́n á gbé korobá náà síta jìnnà sí ilé, wọn kò sì ní dé e pa. Wọn kò gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ gún un láti tú gáàsì inú rẹ̀ sílẹ̀.

Bí bátìrì bá gbiná

Èéfín bátìrì lítíọ̀mù ní májèlé nínú, pẹ̀lú háídrójìn flúóráìdì, èyí tó ń jó ojú, awọ àti ẹ̀dọ̀fóró. Ohun àkọ́kọ́ ni kí gbogbo ènìyàn, pàápàá àwọn ọmọdé, jáde kúrò nínú ilé. Bí iná náà bá kéré, tí ọ̀nà àbájáde sì wà lẹ́yìn ẹni tó ń pa á, omi púpọ̀ láti òkèèrè ni ó ń tu sẹ́ẹ̀lì tó kù lára kí wọ́n má baà gbiná pẹ̀lú. Yanrìn lè dá iná dúró kó má tàn, ṣùgbọ́n kì í tu bátìrì lára. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ gbé bátìrì tó ń jó. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112. Bátìrì tó ti jó lè tún gbiná lẹ́yìn wákàtí púpọ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wà níta fún ọjọ́ kan ó kéré tán.

Òfin àti àtúnlò ní Nàìjíríà

NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òfin àyíká, ni wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 2007. Ìlànà lórí àwọn ohun èlò iná àti ẹ̀rọ tó ti di ìdọ̀tí jáde ní ọdún 2011, èyí tó dá lórí bátìrì nìkan sì jáde ní ọdún 2024. Ohun tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣe ọjà náà àti àwọn tó ń kó o wọlé ní ojúṣe láti rí i pé wọ́n gbà á padà nígbà tó bá gbó.

Ní ìlú tó jìnnà sí àwọn ilé-iṣẹ́ àtúnlò, ààtàn ni ọ̀pọ̀ bátìrì kékeré ń parí sí. Wọ́n máa ń dáná sun ààtàn, àwọn tó ń ṣa irin sì máa ń fọ́ ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀. Bátìrì tí iná wà nínú rẹ̀ léwu fún àwọn méjèèjì. Nítorí èyí, ẹni tó bá wà ní Ìwó tàbí ní ìlú bíi rẹ̀ lè kó bátìrì tí iná ti tán nínú wọn jọ, tí téèpù wà lẹ́nu wáyà ọ̀kọ̀ọ̀kan, sínú àpótí irin ní ìta, títí wọn yóò fi rí ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó tó lè kó wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe àtúnlò.

Fún ìrìn àjò nínú bàálù èrò, bátìrì tó dá wà kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀. Ọwọ́ ni èrò ń gbé e sí. Èyí tí kò ju 100 Wh lọ kò nílò àṣẹ. Láti 100 sí 160 Wh nílò àṣẹ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà, wọn kì í sì í gba èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ èrò.